Ẹ Bi Àǹtí Lábù: MYC, FOS, JUN, ta ló ń bá ta rìn nínú sẹ́ẹ̀lì wa?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá, mo dárúkọ proto-oncogene lẹ́ẹ̀kan péré níbi tí mo ti ń dá ẹnìkan lóhùn lórí jẹjẹrẹ, mo ní jíìnì tó ń bá sẹ́ẹ̀lì dàgbà ni, tó bá dàrú ó lè di ti jẹjẹrẹ, mo dẹ̀ bá ọ̀nà mi lọ. Háà! Lẹ́tà tó wọlé lórí gbólóhùn kan yẹn pọ̀ ju tàwọn tó kù lọ, torí náà òun nìkan la máa sọ lónìí, MYC, FOS àti JUN wà lára irú jíìnì bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa ìtọ̀ ṣúgà ẹ ní sùúrù fún mi.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú, a rò pé eyín ni, wọ́n yọ eyín méjì, kò lọ, ńṣe ló ń wú sí i. Ọsibítù tí wọ́n darí wa sí ní Burkitt ni, irú jẹjẹrẹ kan, wọ́n kọ MYC sínú ìwé èsì. Látìgbà tí ìyá ọkọ mi ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ jíìnì ni, wọ́n ní kò sírú ẹ̀ nílé tàwọn, ilé tèmi ló ti wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? – Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, ara ọmọ á le. Kò wá láti ilé yín, kò dẹ̀ wá láti ilé ọkọ yín. Ẹ ka ibí yìí sókè sí Màmá létí: MYC wà lára ẹ̀yin, ó wà lára Màmá fúnra wọn, ó wà lára èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, kódà ó wà lára adìyẹ tẹ́ ẹ máa pa lọ́dún. Ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, orí kròmósóòmù kẹjọ ló wà. Láìsí i, kò sẹ́ni tó máa kọjá ọlẹ̀ nínú wa.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí. Ìwé kan náà ló wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara, ìyẹn DNA, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ojú ìwé ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń kà. Tó bá nílò nǹkan, á da ojú ìwé tó kàn án kọ, àdàkọ yẹn ni wọ́n á fi ṣe prótéènì. Àwọn prótéènì kan wà tó jẹ́ pé àwọn ló ń pàṣẹ pé ẹ da tibí kọ, ẹ fi tọ̀hún sílẹ̀. MYC wà lára wọn, àṣẹ tó dẹ̀ fẹ́ràn jù ni "ẹ dàgbà, ẹ pín sí méjì". Ṣùgbọ́n MYC ò lè dá di DNA mú. Ẹ wo ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, apá méjì ló ní, ẹ yọ apá kan kúrò, kò ní lè gbé irin gbígbóná mọ́. Apá kejì tí MYC ní ni prótéènì tó ń jẹ́ MAX, ọdún 1991 ni wọ́n rí i. Àwọn méjèèjì á lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n á wá gbá DNA mú níbi tí wọ́n bá ti rí lẹ́tà mẹ́fà yìí, CACGTG. Tí wọ́n bá ti jókòó síbẹ̀, wọ́n á pe àwọn òṣìṣẹ́ míì wá láti tú DNA tó wé mọ́ra bí òwú, kí ẹ̀rọ tó ń dà á kọ lè ráàyè wọlé.

Ibi tó dùn mọ́ èmi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé MAX ò fi ti MYC nìkan ṣe. MAX dà bí dírẹ́bà dáńfó tó wà ní gáréèjì láàárọ̀ lálẹ́, kọ̀ndọ́ tó bá bá a gun ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ló ń pariwo ibi tí wọ́n ń lọ. Tí MYC bá wọlé, ariwo ìdàgbàsókè ni. Tí àwọn kan tí wọ́n ń pè ní MXD bá wọlé, ibi kan náà ni wọ́n máa jókòó sí lórí DNA o, lẹ́tà mẹ́fà yẹn náà, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n á pè á wá tún DNA dì pa, jíìnì yẹn á dákẹ́, sẹ́ẹ̀lì á jókòó jẹ́ẹ́, á kọjú mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n dá a sí. MYC fúnra ẹ̀ kì í pẹ́ láyé, bí ìdajì wákàtí báyìí ìdajì ẹ̀ ti bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kó má bàa jókòó tì wọ́n lọ́rùn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ yín? Nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe oògùn ara tó ń bá àrùn jà, kròmósóòmù kẹjọ kán, ikẹrìnlá náà kán, nígbà tí ara máa tò wọ́n padà, ó tò wọ́n gba ara wọn. Nínú Burkitt mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ló máa ń rí báyìí. Lórí kẹrìnlá níbẹ̀ yẹn, jíìnì tó ń ṣe oògùn ara ló wà, irú sẹ́ẹ̀lì yìí kì í dẹ̀ pa jíìnì yẹn rárá. Ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n gé wáyà ilé yín kúrò ní láìnì àdúgbò tí iná ń wá tó ń lọ, wọ́n lọ so ó mọ́ Band A. Kò sí nǹkan tó ṣe gílóòbù, gílóòbù àná náà ni, àmọ́ kò kú mọ́. MYC á wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á gba gbogbo MAX tó wà nílẹ̀, àwọn MXD ò ní rí dírẹ́bà tó máa gbé wọn. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti bí ọmọ yín lèyí ṣẹlẹ̀, kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ fún un. Ibà tó ń padà wá ṣáá àti fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Epstein-Barr, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kó o láti kékeré nílẹ̀ wa, wọ́n lọ́wọ́ nínú ẹ̀, torí pé wọ́n ń jẹ́ káwọn sẹ́ẹ̀lì yìí máa pọ̀ máa ṣí DNA wọn sílẹ̀, ibẹ̀ ni kíkán ti ń wá. Àmọ́ ọmọ mélòó ni ibà ò ṣe? Ẹ má di ẹ̀bi ru ara yín.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo Burkitt lábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo ṣèèṣì sọ̀rọ̀ sókè, mo ní ó mà rẹwà. Ọ̀gá mi wò mí tìkà tẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí, gbogbo ojú síláìdì dúdú bíi sánmọ̀ òru, àwọn àmì funfun wá wà káàkiri bí ìràwọ̀. Dúdú yẹn ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó fún pọ̀ mọ́ra. Ìràwọ̀ wá ni àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ tó ń jẹ òkú, torí MYC tó pọ̀jù kì í ṣe pé ó ń mú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ nìkan, ó tún ń sún ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ikú, wọ́n ń bí wọ́n ń kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì mọ̀ pé wúwú yẹn lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìdí nìyẹn tí mo fi máa bẹ̀ yín pé ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí kankan, ẹ padà sí ọsibítù.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan tó bá ń yára pín báyìí, kẹ́mò náà máa ń yára rí i mú. Dókítà Denis Burkitt tó kọ̀wé nípa wúwú yìí ní Kampala lọ́dún 1958 àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ rí i pé cyclophosphamide, ọ̀kan lára oògùn kẹ́mò, máa ń yọ́ ọ. Dókítà V. A. Ngu, ọmọ Cameroon tó ṣiṣẹ́ níbí ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Lasker lọ́dún 1972 torí iṣẹ́ yìí. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò, ẹ máa rí i pé dírípù á pọ̀, wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò lemọ́lemọ́, ẹ má bínú sí nọ́ọ̀sì, sẹ́ẹ̀lì tó ń kú lọ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà lè dí kíndìnrín ni, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Kí n tún sọ ọ̀kan. Lọ́dún 1963, wọ́n gba díẹ̀ lára wúwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pulvertaft sìn ín sínú ìgò, kò kú títí dòní. Raji ni wọ́n ń pe sẹ́ẹ̀lì yẹn, kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò mọ orúkọ yẹn, lára irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ dẹ̀ ni wọ́n ti mọ púpọ̀ nínú nǹkan tí mo ń sọ fún yín yìí.

Àǹtí, lẹ́kíṣọ̀ wa ya FOS àti JUN sójú bọ́ọ̀dù bíi síìpù ṣòkòtò, ó ní JUN lè bá JUN rìn, FOS ò lè bá FOS rìn, ó pa bọ́ọ̀dù rẹ́, ó lọ. Kò yé mi rárá, ìdánwò dẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. – Akẹ́kọ̀ọ́ 300 Level, Ifẹ̀

Àbúrò, síìpù yẹn ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, èmi náà wà níbẹ̀. Ọdún 1988 ni orúkọ yẹn jáde, leucine zipper, torí wọ́n rí i pé nínú amino acid, ìyẹn bíríkì tí wọ́n fi ń mọ prótéènì, èyí tó ń jẹ́ leucine ń yọ lẹ́ẹ̀kan nínú méje-méje, wọ́n wá rò pé ńṣe ni wọ́n ń wọ àárín ara wọn bí eyín síìpù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra ló jọ. Leucine ò fẹ́ràn omi, bí epo pupa ṣe máa ń kóra jọ lójú omi gan-an ló ṣe máa ń wá leucine míì tó máa fara tì. Ìyẹn ló lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Kí ló wá dé tí FOS ò lè fẹ́ FOS? Wo ẹ̀gbẹ́ okùn yẹn, níbi tí okùn méjèèjì ti ń kan ara wọn létí. Lára FOS, amino acid tó ní iná òdì ló kún ibẹ̀, ṣé o mọ̀ pé òdì ò ń gba òdì, wọ́n á tara wọn dànù. Lára JUN, èyí tó ní iná rere pọ̀. Torí náà FOS pẹ̀lú FOS, rárá. JUN pẹ̀lú JUN, ó ṣeé ṣe àmọ́ kò le. FOS pẹ̀lú JUN, ìyẹn lo máa rí tí wọ́n á dì mọ́ra pinpin. Kọ èyí sílẹ̀ nínú ìdánwò, o ti gba máàkì tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn méjèèjì papọ̀ ni à ń pè ní AP-1, lẹ́tà tí wọ́n ń wá lórí DNA ni TGACTCA. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu bí FOS ṣe ń yára tó: gba sẹ́ẹ̀lì tí ebi ti ń pa nínú àwo, da oúnjẹ sí i, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jíìnì FOS ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bó bá fi máa di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó ti dé góńgó, kó tó di wákàtí méjì àdàkọ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. JUN ní tiẹ̀ máa ń wà nílẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò ní gbéra dáadáa àfi tí prótéènì kan tó ń jẹ́ JNK bá lẹ fósíféètì mọ́ ọn lára, ní amino acid kẹtàlélọ́gọ́ta àti ìkẹtàléláàádọ́rin, serine ni méjèèjì. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá wà nínú ìnira, bíi kóòrùn jó o tàbí kó fara pa, JNK máa ń jí.

Má gbàgbé pé ẹni tí JUN bá bá rìn ló ń sọ ibi tó máa lọ. Tó bá bá FOS rìn, TGACTCA. Tó bá bá prótéènì míì tó ń jẹ́ ATF2 rìn, TGACGTCA ló kúndùn. Wò ó dáadáa, G kan ṣoṣo ló wọ àárín wọn, àdírẹ́ẹ̀sì ti yàtọ̀, àwọn jíìnì míì nìyẹn. Tó bá dẹ̀ lọ bá JUNB tó jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀ rìn, lọ́pọ̀ ìgbà ńṣe ni agbára ẹ̀ á rọlẹ̀. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé kí ni JUN ń ṣe, bi wọ́n padà pé pẹ̀lú ta?

Ṣé òótọ́ ni pé ara adìyẹ ni jíìnì jẹjẹrẹ ti wá? Ọkọ mi ò jẹ adìyẹ mọ́ nítorí fídíò kan. – Alátẹ, Abẹ́òkúta

Ẹ ní kó padà sídìí ọbẹ̀ o jàre. Ìtàn ibẹ̀ nìyí: lọ́dún 1911 Peyton Rous ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nǹkan kan tó kéré ju kòkòrò lọ lè gbé jẹjẹrẹ láti ara adìyẹ kan sí adìyẹ míì. Fáírọ́ọ̀sì ni, ó ní jíìnì kan tó ń jẹ́ src. Gbogbo èèyàn rò pé fáírọ́ọ̀sì ló ni src, àfìgbà tí Bishop àti Varmus àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá rí i lọ́dún 1976 pé ara adìyẹ tí nǹkan kan ò ṣe náà ló wà, fáírọ́ọ̀sì ló jí i gbé! Olè ló ń pera ẹ̀ ní onílé. Wọ́n gba Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 1989. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe mọ FOS láti ara fáírọ́ọ̀sì eku, JUN láti ara fáírọ́ọ̀sì adìyẹ tó jẹ́ nọ́ńbà 17, àwọn ará Japan máa ń pe 17 ní jū-nana, ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ jun. Fáírọ́ọ̀sì adìyẹ yìí ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọbẹ̀ yín rárá.

Mo ń lo dexamethasone torí ara yíyún, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹnìkan ní jíìnì ló ń pa. Ẹ̀rù ń bà mí. – Ọmọ Ọ̀ṣun

Ẹni yẹn ò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. AP-1 tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lókè yẹn wà lára àwọn tó ń tan jíìnì ara wíwú àti ara yíyún. Tí dexa bá wọ sẹ́ẹ̀lì, á so mọ́ prótéènì kan tó ń dúró dè é, ìyẹn á gbé e wọ yàrá tí DNA wà, á lọ dúró ti FOS àti JUN lọ́rùn. Lọ́dún 1990 ni wọ́n fi èyí hàn, ohun tó dẹ̀ ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé kò pọn dandan kó fọwọ́ kan DNA rárá, ara AP-1 ló ń rọ̀ mọ́, bí ẹni tí kò já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ àmọ́ tó di ọwọ́ ẹ mú. Wíwú á lọ. Kò pa jíìnì, ó kàn pa á lẹ́nu mọ́ títí dexa á fi kúrò lára.

Àmọ́ ẹ gbọ́, sẹ́ẹ̀lì tí ń bá àrùn jà náà nílò AP-1 yẹn. Ta ló kọ ọ́ fún yín, ọjọ́ mélòó dẹ̀ ni? Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń rà á ní kẹ́míìsì ni, tàbí ó wà nínú kírímù tí wọ́n fi ń bóra, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má dẹ̀ dá a dúró lójijì tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń lò ó, torí ara ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tiẹ̀ fúnra ẹ̀, èèyàn lè ṣubú lulẹ̀. Àwọn ọmọge tó ń gbé e mì kí wọ́n lè sanra, mo ti bá yín jà tẹ́lẹ̀, mi ò ní ṣe é lónìí.

Tí gbogbo wa bá ní jíìnì yìí, kí ló dé tí gbogbo wa ò ní jẹjẹrẹ, kí ló dẹ̀ dé tí wọn ò kàn yọ ọ́ kúrò? – Bàbá Tèmi, Peckham

Bàbá, wọ́n ti yọ ọ́ wò lára eku. Eku tí kò ní MYC kú sínú ìyá ẹ̀, èyí tí kò ní JUN náà ò jáde. Èyí tí kò ní FOS yè, àmọ́ eegun ẹ̀ le gbagidi, kò sí àyè fún mùdùnmúdùn nínú ẹ̀. Nǹkan téèyàn fi ń gbé ilé ni, ẹ ò lè torí pé páànù jò kẹ́ ẹ yọ òpó.

Ìdí tí gbogbo wa ò fi ní jẹjẹrẹ ni pé jíìnì kan ò lè dá a ṣe. Wọ́n ti fi hàn láti 1983 pé MYC tó dàrú nìkan ò tó láti sọ sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ eku di jẹjẹrẹ, RAS, jíìnì míì tó ń bá sẹ́ẹ̀lì dàgbà, tóun náà bá dàrú nìkan ò tó, ẹ kó méjèèjì jọ, ó di wàhálà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. RAS ń ti sẹ́ẹ̀lì láti ẹ̀yìn, ó ń jí FOS àti JUN, kò dẹ̀ jẹ́ kí MYC tètè bàjẹ́, MYC á wá máa tan jíìnì níwájú. Kí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà máa ń gba ọdún púpọ̀, ara ní bó ṣe ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn láàárín ẹ̀.

Oògùn ńkọ́? MYC ti fojú àwọn tó ń ṣe oògùn rí màbo, torí kò ní ihò tí oògùn lè kó sí, ńṣe ló ń fẹ́lẹfẹ̀lẹ̀ bí okùn títí dìgbà tó bá rí MAX. Nígbà tó yá, Laura Soucek tó wà ní Barcelona báyìí àtàwọn èèyàn ẹ̀ gba ẹ̀yìn yọ sí i. Wọ́n gé ibi tí MYC fi ń di MAX àti DNA mú nìkan jáde, wọ́n pààrọ̀ amino acid mẹ́rin níbi síìpù ẹ̀, ó wá di ayédèrú MYC tó lè bá ara ẹ̀ rìn, tó tún lè bá MAX rìn, àmọ́ tí kò ní ẹnu tó máa fi pàṣẹ. Á lọ jókòó sórí CACGTG kí ojúlówó tó dé, á dákẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ti fún àwọn aláìsàn kan ní Spain gba iṣan ara, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ara gbà á. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Omomyc. Mi ò purọ́, bí mo ṣe kọ́kọ́ rí i, "ọmọ Myc" ni mo kà, mo ní ta ni Yorùbá tó wà ní lábù yìí? Kò sí ẹnì kankan o, àmọ́ ní lábù tèmi, ọmọ Myc náà la ṣì ń pè é.